Àyà tó ń súfèé lóru: báwo lẹ ṣe ń bá ikọ́ fée gbé lójoojúmọ́?

Tíṣà Òkè Kẹta

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aago 3 ku ìṣẹ́jú 10 ni mò ń kọ èyí. Etí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, mo fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún, nítorí tí mo bá tún fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Mo ti fín ínhélà búlúù, ágolo oògùn tí à ń fín sẹ́nu tí à ń fà sínú àyà, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, oorun sì ti dá lójú mi.

Ọmọ ọdún 34 ni mí, láti ọmọ ọdún 7 ni ikọ́ fée ti ń bá mi fínra. Ohun tí mo fẹ́ bi yín kì í ṣe ti ọjọ́ tí wọ́n bá gbé èèyàn dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ lásán ni mò ń béèrè. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe yín, báwo lẹ ṣe ń lò ó?

Lọ́dọ̀ tèmi, àtẹ̀gùn ló ṣáájú. Òkè kẹta ni kíláàsì mi wà, ìgbésẹ̀ 46 ni, mo ti kà á. Tí mo bá dé ìdajì, mo máa ń yọ fóònù síta bí ẹni tó ń ka iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, èémí ni mò ń wá. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan wà, ọmọlúàbí èèyàn ni, àmọ́ lọ́fíńdà rẹ̀ le. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un láìmú un bínú, ni mo ṣe máa ń jókòó síbi fèrèsé tí a bá ní ìpàdé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń fín ínhélà kí àwọn ọmọ má baà rí mi. Tí ẹ̀rín bá pa mí jù, ikọ́ ló máa ń dà, nítorí náà mo ti ń fún ẹ̀rín mọ́nu. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ínhélà kejì tó ní àwọ̀ búráùn, tí wọ́n ní kí n máa fín láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ti tó oṣù 2 tí mo ti pa á tì. Ara mi ti yá gágá nígbà yẹn, n kò rí ohun tí mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe.

Màmá Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Èmi náà ò tíì sùn. Kì í ṣe èmi ni ikọ́ ń ṣe o, ọmọ mi ọkùnrin ni, àmọ́ àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é.

Lálaalẹ́, kí n tó sùn, mo máa ń ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, mo á tan iná fóònù sí ìhà rẹ̀. Ohun tí mò ń wò ni awọ tó wà láàárín egungun ìhà. Tí ara rẹ̀ bá le, awọ yẹn máa dúró jẹ́ẹ́. Tí ìyọnu bá ń bọ̀, ó máa ń wọlé sínú ní gbogbo ìgbà tó bá mí, ibi kòtò ọrùn rẹ̀ náà á máa jìn. Ojú ló fi máa ń sọ fún mi kí àyà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, mo ti mọ̀ pé ibi iṣẹ́ di ọjọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ilé náà ti yí padà. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ ń rí omi gbígbóná ìwọ̀n 60°C lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú eruku, tí ojú lásán kò lè rí. Ìrọ̀rí àti fóòmù ní ìbòrí tirẹ̀. Béárì oníwúùlù rẹ̀ kan wà tí kò lè sùn láìdì mọ́ra. Inú fírísà ni béárì yẹn ń sun oorun ọjọ́ Sátidé kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, lẹ́yìn náà la tún fọ̀ ọ́. Ọmọ náà ti bi mí rí bóyá òtútù kì í mú un níbẹ̀.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé ó ti kọ́ láti parọ́. Wọ́n ní kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù, ó ní òun kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Irọ́ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n máa dúró dè é ni.

Nọ́ọ̀sì Òru

Tíṣà, ẹ kú ìnira. Ọdún 11 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí èémí ń ni lára, òru ni mo sì máa ń wà jù. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ná: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lẹ ń fín búlúù? Tó bá ti ju ọjọ́ 2 lọ, tàbí tí ikọ́ bá ń jí yín lójú oorun, kò sí níkàáwọ́ mọ́ nìyẹn, bó ti wù kí ojúmọmọ yín dára tó.

Ohun mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà. Ara ọ̀nà èémí á wú. Iṣan tó yí i ká á fún un pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn so ọrùn àpò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tún wá dí ibi tó ṣẹ́kù. Búlúù yín, tí oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ salbutamol, iṣan yẹn ló ń tú. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí 4 sí 6 ló sì ń bá èèyàn gbé. Wíwú ńkọ́? Kò fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èyí tí ẹ pa tì ló ń lé wíwú yẹn lọ, sítẹ́rọ́ọ̀dì tí à ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró ni. Kì í ṣe é lọ́jọ́ kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó rinlẹ̀. Bákan náà, tí ẹ bá dá a dúró, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wíwú ń padà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ẹ dá a dúró, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ní ara yín ti dá. Iná kò kú, eérú ló bò ó.

Èmi kì í bú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí mo ti gbà wọlé lóru ló ti ṣe é rí.

GINA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée jáde fún gbogbo ayé, yí ohùn padà lọ́dún 2019. Wọ́n ní kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́langba má fi irú búlúù yẹn nìkan tọ́jú ikọ́ fée mọ́, kí sítẹ́rọ́ọ̀dì inú ínhélà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo ínhélà búlúù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fífín 200 nínú, ewu kí ikọ́ kọlù ú ti pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń lo 12, ìyẹn ọ̀kan lóṣù, ewu ikú ló ń bá rìn. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sì sọ òtítọ́ fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa.

Onísùúrù

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ nǹkan tó yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lo ínhélà fún ogún ọdún. Lójú tèmi, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ya ọ̀lẹ, kò lè dá ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí i. Oògùn yẹn ti di bárakú fún un. Mo gba Tíṣà níyànjú pé kó má padà sídìí rẹ̀, kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra mí. Ìfẹ́ ló mú mi sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru

Onísùúrù, mo gbọ́ ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, mo sì bá ẹ̀gbọ́n yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí lè pààyàn, n kò lè jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú lójoojúmọ́, a kì í ní gíláàsì ló sọ ojú rẹ̀ di ọ̀lẹ. Àìsàn tó wà ló jẹ́ kí oògùn wà. Sítẹ́rọ́ọ̀dì inú ínhélà kéré gan-an, máíkírógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn tó ń gbé irin fi ń wú iṣan. Kì í di bárakú. Ó ní ìyọnu tirẹ̀: tí èèyàn kò bá fi omi yọ ẹnu kó sì tu ú dànù lẹ́yìn tó bá fín in tán, ẹnu lè máa yọ funfun, ohùn sì lè há. Mímí ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé dára, ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti fọkàn balẹ̀. Kò lè mú wíwú lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka mílíọ̀nù 262 èèyàn tí ikọ́ fée ń ṣe lọ́dún 2019, wọ́n sì ka ikú 455,000 lọ́dún kan náà. Púpọ̀ nínú ikú wọ̀nyí, ọwọ́ tí kò tó oògùn ló fà á. Kò yẹ kí ẹni tó ní i nílé wá fọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Ọkọ Rẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ìyàwó mi ló ni ikọ́, èmi ni mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 9 rèé tí mi ò tíì sùn wọra.

Mo fẹ́ sọ òru kan fún yín, nítorí ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn. Àyà rẹ̀ ń súfèé láti aago 11. Nígbà tó di nǹkan bí aago 2, súfèé yẹn dáwọ́ dúró. Mo dúpẹ́, mo ní ó ti lọ. Mo fẹ́ bo aṣọ mọ́ ọn ni mo rí i pé ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èjìká rẹ̀ méjèèjì ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò sí. Ó ní “Mi”, ó mí, ó ní “ò”, ó mí, ó ní “lè”. Kò parí rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú bíi ti ẹni tó mu ẹ̀lú.

Dókítà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àyà tó bá dákẹ́, tí ara kò sì dẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Kò sí ohun tó lè súfèé níbẹ̀. Àyà tó dákẹ́ léwu ju èyí tó ń pariwo lọ.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Obìnrin tó gbé e ní kí n má tẹ́ ẹ sílẹ̀ o, kí n jẹ́ kó jókòó nàró. Ó ní kí n máa fín búlúù fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n dúró bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan kí n tó tún fín òmíràn, títí dé 10. Mò ń kà á sókè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju tirẹ̀ lọ. Ìkeje la ti gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

Ara rẹ̀ ti le báyìí. Ṣùgbọ́n tí ó bá dákẹ́ lóru, mo ṣì máa ń gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

Asáré

Ọkọ Rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀.

Màmá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọmọ yín ló mú mi dá sí i. Irọ́ yẹn ni mo pa títí mo fi di ọmọ ọdún 19. Ẹ sọ fún un pé obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Paula Radcliffe, ikọ́ fée ti ń ṣe é láti ọ̀dọ́, ó sì sáré ìje ọlọ́nà jíjìn ní London lọ́dún 2003 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25. Kò sí obìnrin tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nígbà yẹn, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bà á jẹ́.

Tèmi ni pé n kì í dédé ta síré. Mo máa ń rìn, mo á yára díẹ̀, mo á tún rìn, ó tó ìṣẹ́jú 15. Dókítà mi ní kí n fín oògùn kí n tó jáde, mo sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òtútù bá mú, mo á fi aṣọ bo imú àti ẹnu, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ ló ń bí ọ̀nà èémí nínú jù. Ọmọ yín lè gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wíwú yẹn lọ.

Tíṣà Òkè Kẹta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ti Ọkọ Rẹ̀ ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀la ni mo máa rí dókítà. Mo tún ní ìbéèrè kan: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ínhélà ti tán? Tèmi kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n ju ágolo inú rẹ̀ sómi, tó bá léfòó, ó ti tán.

Àgbà Òǹkàwé

Ọmọ mi, má jù ú sómi. Omi kò mọ̀ ọ́n, omi sì lè dí ojú rẹ̀. Tí oògùn bá tán, afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde ṣì máa ń ṣẹ́kù, yóò máa dún fíì, ìwọ á rò pé oògùn lo gbà. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà, kọ déètì ọjọ́ tí o ṣí i sára rẹ̀, kí o sì máa ṣírò iye tí o fín.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ikọ́ fée ti bá mi dàgbà. Ní tèmi, àsípírìn ni ọ̀tá mi. Oògùn orí fífọ́ lásán, hóró kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ. Kì í ṣe gbogbo wa ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún, ṣùgbọ́n kí o máa sọ fún ẹni tó ń ta oògùn fún ọ pé o ní ikọ́ fée, kí ó tó fún ọ ní àsípírìn tàbí ibuprofen.

Nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí o ti ń fín oògùn. Lọ́dún 1955, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan tí ikọ́ fée ń ṣe bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí oògùn òun kò lè wà nínú ágolo tí wọ́n á kàn tẹ̀, bíi ti ohun tí wọ́n ń fín sí irun. Bàbá náà, George Maison, ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ oògùn Riker. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ dìde sí i, nígbà tó fi di 1956 ó ti wà lọ́jà. Kó tó di ìgbà yẹn, gíláàsì ẹlẹgẹ́ pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ fún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kiri. Ọmọ kíláàsì ló béèrè nǹkan yẹn lójú gbogbo ayé. Kí ló dé tí ìwọ tó jẹ́ tíṣà wá ń fi pamọ́ fún àwọn ọmọ?

Tíṣà Òkè Kẹta

Ọ̀sẹ̀ 5 ti kọjá, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Dókítà kò bú mi. Ó ní kí n fín in níṣojú òun. Mo fín in, ó ní ahọ́n mi ló gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ọdún 27 tí mo ti ń lò ó! Ó kọ́ mi lákọ̀tun: kí n mì í jìgìjìgì, kí n tú èémí jáde tán, kí n fi ètè dì í pinpin, kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fà á sínú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n wá di èémí mú títí n ó fi ka ẹní dé ẹẹ́wàá. Ó tún fún mi ní ike gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní spacer, tó ń gba oògùn dúró kí n tó fà á, kó má baà ta mọ́ ọ̀fun.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ n kò rí ìyàtọ̀, mo sì rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì wí, mi ò dáwọ́ dúró. Lọ́sẹ̀ kẹta mo jí, ilẹ̀ ti mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé aago ló bàjẹ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà fún ẹlẹgbẹ́ mi. Ojú tì í, ó ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sì fín in wá síbi iṣẹ́ mọ́. Àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀kan, mi ò yọ fóònù. Àgbà, orí tábìlì ni ínhélà mi ń gbé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ bi mí léèrè fún ọjọ́ kan péré, ó sì tán.

Màmá Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Inú mi dùn dé ọkàn, Tíṣà. Tiwa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìdajì ìdíje ló ṣì ń gbá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ òun. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ spacer yẹn?

Nọ́ọ̀sì Òru

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán. Ẹ má fi aṣọ nù ún o. Tí ẹ bá fi aṣọ ra ike náà, ríra yẹn á dá iná mànàmáná tíntín sí i lára, tí á máa fa oògùn mọ́ ògiri rẹ̀, kò ní dé inú ọmọ. Ẹ jẹ́ kó dá gbẹ.

Màmá Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Táwẹ́lì ni mo ti fi ń nù ún láti ọdún 2, mo tún máa ń nù ún dáadáa. Mo ti dìde lọ fọ̀ ọ́ báyìí. Ó wà lórí fèrèsé, omi ń ro lára rẹ̀.